Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Wọkọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná kí n tó pìtàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní àsìkò òjò, mo dúró ní Ẹnuwá, níwájú Ààfin Ọọ̀ni, mò ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà sí Campus. Ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta àgbàdo sísun ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Àwa tí a ń retí ọkọ̀ lé ní ogún. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó pọn ọmọ, ó ta ọ̀rá bo ọmọ náà lórí, báàgì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kòrópé kan ṣoṣo ṣe yọ báyìí ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe wọlé. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi wọlé. Nígbà tí mo jókòó tán tí mo yọjú lójú fèrèsé, ìyá ọlọ́mọ yẹn ṣì dúró sínú òjò. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fa ọ̀rá náà wálẹ̀ díẹ̀ sí i lórí ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ sì gbéra.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí èmi kan náà ṣe agbẹjọ́rò àwọn obìnrin nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwa mẹ́rin ń wo fíìmù Titanic, èyí tí James Cameron ṣe ní 1997, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń pariwo pé kí àwọn obìnrin àti ọmọdé kọ́kọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀mí ọkùnrin kì í ṣe ẹ̀mí ni?" Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Mo ní àṣà àtayébáyé ni. Mo ní òfin òkun ni. Mo ní kò sí ọmọlúàbí tí yóò fi abiyamọ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mi dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kòrópé kan péré ló já gbogbo irọ́ yẹn. Ìtìjú ló gbé mi lọ sí láìbìrì Hezekiah Oluwasanmi lọ́jọ́ kejì, pé kí n lọ wádìí ohun tí mo fi ẹnu dídùn sọ. Ohun tí mo bá bọ̀ kò jọ ohun tí mo rò rárá.

Èkínní, kò sí òfin òkun kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Titanic rì, àwọn orílẹ̀-èdè kóra jọ sí London, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1914 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí a mọ̀ sí SOLAS. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là tó gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ńlá. Wọn ò pín in sí ti akọ àti ti abo. Bí àyè bá kárí, ta ni yóò máa jà pé èmi ni mo ṣáájú? Ibi tí àyè kò bá tó ni ọ̀rọ̀ "ta ló kọ́kọ́" ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí kòrópé mi.

Èkejì, ìtàn tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí bí ìpìlẹ̀ àṣà yìí, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Birkenhead ló kó sójà lọ sí gúúsù Áfíríkà láti lọ bá àwọn Xhosa jà. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ní 26 oṣù Kejì ọdún 1852, ó forí sọ àpáta lábẹ́ omi nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Danger Point. Èèyàn bíi 640 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ni kò ṣe é sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́ta péré ló bọ́ sómi. Wọ́n kó àwọn ìyàwó àti ọmọ àwọn sójà sínú ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ wá pariwo pé kí ẹni tó bá mọ ìwẹ̀ bẹ́ sómi kó wẹ̀ tọ àwọn ọkọ̀ yẹn lọ, ọ̀gá àwọn sójà, Alexander Seton, bẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n dúró sójú kan, pé bí wọ́n bá rọ́ lọ síbẹ̀, ọkọ̀ tó gbé obìnrin àti ọmọdé yóò dojú dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúró. Ọkọ̀ ńlá náà já sí méjì, ó rì. Èèyàn 193 ló yè, gbogbo obìnrin àti ọmọdé tó wà níbẹ̀ sì wà lára wọn. Ọba ilẹ̀ Prussia ní kí wọ́n ka ìtàn náà sétí àwọn ọmọ ogun òun.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe pé ọkàn àwọn sójà yẹn rọ̀ ju tèmi lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ohun tí wọ́n ní tí èmi kò ní ni pé ẹnì kan wà láàárín wọn tó lanu, tí gbogbo wọn sì ti kọ́ láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án 1854, ọkọ̀ Arctic ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọlu ọkọ̀ mìíràn nínú kùrukùru nítòsí Newfoundland. Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn náà pàṣẹ pé kí obìnrin àti ọmọdé ṣáájú. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ etí ikún, àwọn gan-an ni wọ́n já ọkọ̀ kékeré gbà. Kò sí obìnrin kan, kò sí ọmọdé kan tó yè nínú ọkọ̀ náà. Ẹyọ kan! Nítorí náà, àṣẹ nìkan kò tó. Àṣẹ tí kò lẹ́ni tí yóò tẹ̀ lé e, ariwo lásán ni.

Kí ẹ má baà rò pé òkun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ "obìnrin àti ọmọdé ṣáájú" rí kí ó tó di 1852, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1781 ni, ọkọ̀ ẹrú sì ni: Zong ni wọ́n ń pè é, àwọn oníṣòwò Liverpool ló ni ín. Ó ti etíkun wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó ẹrú tó lé ní 440, ó ń lọ sí Jamaica. Wọ́n ṣìnà lójú òkun, wọ́n wá ní omi mímu kò ní tó mọ́. Bí ẹrú bá kú fúnra rẹ̀, òfò ẹni tó ni ín ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jù ú sómi, tí wọ́n ní àtigba ìyókù là ni, wọ́n lè béèrè owó adójútòfò, 30 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 29 oṣù Kọkànlá, wọ́n ju èèyàn 54 sómi láti ojú fèrèsé. Obìnrin àti ọmọdé ni gbogbo wọn. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n tó kan àwọn ọkùnrin. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, ẹni tí wọ́n jù sómi ti lé ní 120. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní London ní 1783, ẹjọ́ owó adójútòfò ni wọ́n dá, ẹnikẹ́ni kò jẹ́jọ́ ìpànìyàn.

Mo pa ìwé dé nígbà tí mo kà á débẹ̀. Mo jáde lọ mu omi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "obìnrin àti ọmọdé ṣáájú", ibi tí wọ́n ti ń lọ nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yàn bóyá inú ọkọ̀ ni tàbí inú omi.

Ó wá kan Titanic fúnra rẹ̀, tí mo fi gba àtẹ́wọ́. Alẹ́ 14 oṣù Kẹrin 1912 ló forí sọ òkìtì yìnyín, ó rì kí ilẹ̀ tó mọ́. Èèyàn bíi 2,200 ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ kékeré 20 tó gbé dání kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Nǹkan bí 1,500 ló kú. Òótọ́ ni pé wọ́n fi obìnrin ṣáájú: nínú obìnrin 100, bíi 74 ló yè, nínú ọkùnrin 100, bíi 20 péré ni. Ṣùgbọ́n ó gba wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú kó tó rì, àyè wà láti pàṣẹ àti láti tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀gá méjì tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ kékeré náà kò tilẹ̀ gbọ́ àṣẹ náà bákan náà. Lightoller, tó wà lápá òsì ọkọ̀, gbà pé obìnrin àti ọmọdé NÌKAN ni. Ó jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ kan lọ pẹ̀lú àyè òfìfo. Murdoch, tó wà lápá ọ̀tún, gbà pé obìnrin ló ṣáájú, ṣùgbọ́n bí kò bá sí obìnrin nítòsí mọ́, kí ọkùnrin wọlé. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkùnrin bá dúró sí lálẹ́ ọjọ́ náà lè sọ bóyá yóò yè tàbí yóò kú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nínú obìnrin 100 tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, 97 ló yè. Nínú obìnrin 100 tó wọ kíláàsì kẹta, 46 ni. Nínú àwọn ọmọdé kíláàsì kẹta, nínú 100, bíi 34 ló yè. Nínú àwọn ọkùnrin olówó tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, nínú 100, bíi 33. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ọmọ tálákà àti bàbá olówó, ọgbọọgba ni wọ́n! Fíìmù wa kò pariwo èyí bó ṣe pariwo ìfẹ́ Jack àti Rose.

Ojúrere yẹn pàápàá, wọ́n gba owó rẹ̀ padà. Lọ́dún 1912 yẹn, àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n dìbò wá fi Titanic dá wọn lóhùn, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọkùnrin kú nítorí òun kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun bá ọkùnrin dọ́gba. Ẹ rí i pé àánú tó ń tòkè wá máa ń gbé ìwé ìdíyelé dání.

Ní 2012, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Titanic, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden, Mikael Elinder àti Oscar Erixson, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo ọkọ̀ 18 tó rì láàárín 1852 àti 2011, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 15,000. Nínú méjìdínlógún yẹn, méjì péré ni obìnrin ti yè ju ọkùnrin lọ: Birkenhead àti Titanic, àwọn méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú ìyókù, ọkùnrin ló sábà máa ń yè jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló sì ń yè ju gbogbo èèyàn lọ, bíi 61 nínú 100. Àwọn ọmọdé ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, bíi 15 nínú 100. Ẹni tó mọ ọ̀nà àbájáde, tó ní okun nínú, tí kò gbé ọmọ lọ́wọ́, òun ni òkun ń dá sí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní omi tiwa náà. Ní 26 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọkọ̀ Joola kúrò ní Ziguinchor ní gúúsù Senegal, ó ń lọ sí Dakar. Nǹkan bí 580 èèyàn ló yẹ kó gbé. Èèyàn bíi 1,900 ló gbé. Ìjì dé lóru nítòsí etíkun Gambia, ọkọ̀ náà sì dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 1,863 ló kú, iye yẹn ju ti Titanic lọ. Àwọn tó yè jẹ́ 64. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin ló wà nínú ọkọ̀ náà, obìnrin kan ṣoṣo ló yè. Ó lóyún nínú nígbà náà. Èmi tí mo mọ orúkọ Jack àti Rose láti kékeré, n kò gbọ́ orúkọ Joola rí àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí.

Ní ilé wa níbí ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà 2023, ọkọ̀ ojú omi onígi kan ń gbé àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ lórí Odò Ọya, ní agbègbè Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òru ni, ọkọ̀ kún àkúnjù, púpọ̀ nínú wọn kò sì wọ ẹ̀wù tí í mú èèyàn léfòó. Ó kọlu ìtì igi lábẹ́ omi, ó fọ́. Ẹni tó kú lé ní 100, obìnrin àti ọmọdé sì wà lára wọn. Níbi tí kò ti sí ọkọ̀ kékeré kankan rárá, ta ni ẹ fẹ́ bá ṣe ìjíròrò pé ta ló ṣáájú?

Mo wá bi ara mi pé, àwa Yorùbá ńkọ́, kí ni àwa sọ? Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Department mọ̀ ọ́n: bí iná bá ń jóni, tó ń jọ́mọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé òwe yẹn ń kọ́ wa ní ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Báyìí, ó jọ lójú mi pé kò kọ́ wa ní ohunkóhun. Ó kàn sọ ohun tí ara máa ń ṣe ni kí ọkàn tó dé. Òwe náà rí mi tipẹ́tipẹ́ kí n tó wọ kòrópé. Ìwádìí ọkọ̀ 18 kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Ẹnuwá tí mo dúró sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní ìtàn mìíràn. Bí ẹ bá ti Ẹnuwá rìn díẹ̀, ẹ óò rí ère Mọremí gíga tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé kalẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà, a tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ní Campus. Àwọn Ugbò ń wọ ìmọ̀ ọparun àti koríko wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, àwọn ará ìlú sì rò pé iwin ni wọ́n. Mọremí lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sá padà wálé. Ìtùfù iná ni Ifẹ̀ fi pàdé wọn nígbà tí wọ́n tún dé. Odò wá béèrè ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Olúorogbo, ló sì gbà. Ifẹ̀ sọ fún un pé gbogbo àwọn ni yóò máa ṣe ọmọ rẹ̀. Ọdọọdún ni a ń rántí rẹ̀ nígbà ọdún Ẹdì.

Mo ti ka ìtàn yẹn fún ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀. N kò rí i rí pé nínú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ló ṣáájú: obìnrin ló kọ́kọ́ wọ inú ewu, ọmọdé ló kọ́kọ́ wọ inú omi, àwa yòókù la yè. Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni a sọ pé a di ọmọ rẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn wa. Èmi tí mo sì jẹ lára gbèsè náà, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ti abiyamọ sínú òjò, kò jìnnà sí ibi tí ère rẹ̀ dúró sí.

Ó ku ohun kan kí n tó dákẹ́. Ní bí oṣù kan lẹ́yìn alẹ́ yẹn, mo tún wà ní Ẹnuwá, òjò tún ṣú, a tún rọ́ wọ kòrópé bíi ti tẹ́lẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ọjọ́ yẹn jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, n ò ní gbéra. Mo rí ìyá ọlọ́mọ méjì nísàlẹ̀. Kí ọ̀dọ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ fún wọn." Kò pariwo, kò bú wa. Ó kàn ka ọwọ́ lérí sítíárìn. Ká tó ṣẹ́jú, àwa mẹ́ta ti dìde, ó sì ní kí ẹnì kan padà jókòó. Kò sẹ́ni tó bínú. Àwa èèyàn kan náà ni, òjò kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ìdáhùn mi sí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀mí ọkùnrin, ẹ̀mí ni. Wọ́n ń fi abiyamọ àti ọmọdé ṣáájú nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ fún okun ara, àwọn ni yóò máa kẹ́yìn nígbà gbogbo. Àṣà yìí kò sì lè dá dìde fúnra rẹ̀. Ẹnu ẹnì kan ló ní láti gbé e dìde, kí ìdí àwọn yòókù sì gbà láti kúrò lórí ìjókòó. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, àwa tó wà nínú kòrópé kò ju mẹ́jọ lọ. Bí ẹnì kan péré nínú wa bá ti sọ̀rọ̀, mo gbà pé a ì bá sún. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ní ẹnu.

Bí ẹ bá rí mi ní Ẹnuwá nígbà tí òjò bá ń ṣú, tí ọkọ̀ dé, tí abiyamọ wà nísàlẹ̀, tí ẹnu mi sì tún dákẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbá mi lẹ́yìn.